Orúnkún Ọ̀tún: Àkọsílẹ̀ Àtúnṣe Láti Inú Ìwé Ìwọ̀n

Inú ìwé ìwọ̀n aṣọ ni mo kọ gbogbo èyí sí. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀: èjìká, àyà, apá, ìbàdí, itan, gígùn ṣòkòtò. Nígbà tí orúnkún mi bàjẹ́, mo ṣí ojú ìwé tuntun, mo kọ "Ọ̀gá" sí orí rẹ̀, mo sì ń kọ ohun tí tépù bá wí sábẹ́ rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló gbà. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá wà, mo dúró níbẹ̀ pẹ́. Ibi tí kò sí nǹkan kan, mo fò ó.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Ẹ̀rọ alẹ́sẹ̀ ni mò ń lò, torí mi ò lè máa dúró de iná ìjọba. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń sáré ní ìdájí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, kìlómítà márùn-ún sí mẹ́jọ. Àwọn oníbàárà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Télọ̀, a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán o. Kí ní ń lé yín?" Ikùn ní ń lé mi. Ẹni tó bá ń jókòó ti ẹ̀rọ láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, tó wá ń fi ẹ̀bà sùn, á mọ ohun tí mò ń wí.

14 Oṣù Kẹsàn-án 2024, Sátidé

Aago mẹ́fà kò tíì lù. Mò ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mọ́kọ́lá. Ọ̀kadà kan tí kò tan iná yọ sí mi lójijì, mo yà fún un, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi sì wọ gọ́tà tí síláàbù rẹ̀ ti kúrò. Ẹsẹ̀ há síbẹ̀, ara ń lọ. Orúnkún tẹ̀ sínú, ó kọrí sí ti òsì. Mo gbọ́ ìró kan nínú ara mi tí mo mọ̀ dáadáa, torí mò ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́: ìró ojú ìránpọ̀ tó ń já.

Ìyá alákàrà kan gbé àpótí fún mi, mo jókòó. Mo lè tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀, àmọ́ bí mo bá fẹ́ yí ara padà, ńṣe ló ń ṣe bí ẹni pé orúnkún fẹ́ ṣí bí ilẹ̀kùn. Ọ̀kadà náà ni mo tún gùn délé.

Kò wú lọ́gán. Ìrọ̀lẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, nígbà tó fi máa di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ó ti rí róbótó bí ẹ̀bà àgbàlagbà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé èyí tó ń wú díẹ̀díẹ̀ sàn ju èyí tó wú láàárín wákàtí kan sí méjì lọ, torí ẹ̀jẹ̀ ló sábà máa ń wà nínú èyí tó bá yára wú, ohun tó já níbẹ̀ sì máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ náà, pure water tó ti dì nínú fíríìsà aládùúgbò mi ni mo fi àjákù ànkárá wé. Mo gbé e lé orúnkún fún ogún ìṣẹ́jú, mo gbé e kúrò, lẹ́yìn wákàtí méjì mo tún gbé òmíràn lé e. Pure water dára fún iṣẹ́ yìí. Bó bá ti ń yọ́ ló ń gba ìrísí orúnkún. Ẹ má gbé e lé ara láìfi aṣọ wé e o, òtútù náà ń jó awọ.

Màmá mi gbé òrí dé lọ́sàn-án. Wọ́n mọ baba kan tó ń to eegun. "Ọwọ́ baba yẹn rọ̀. Tó bá ti wọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta, wàá máa fò."

Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó já ká tó máa wọ́ ọ."

Wọ́n wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ọmọ tó ti gbàgbé ẹni tó wọ́ ọ ní kékeré. A jọ gbà níkẹyìn pé kí wọ́n fi òrí pa á, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́.

17 Oṣù Kẹsàn-án

Dókítà eegun. X-ray kò rí nǹkan kan, torí eegun nìkan ló ń fi hàn. Ọwọ́ ni dókítà fi rí i. Ó fi ọwọ́ kan di ìta orúnkún mú, ó fi èkejì fa ọrùn ẹsẹ̀ síta. Nígbà tí ẹsẹ̀ nà gbọnrangandan, kò mì. Nígbà tó tẹ orúnkún díẹ̀ tó tún ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ inú ṣí díẹ̀, mo sì fò lórí bẹ́ẹ̀dì.

Iṣan líle tó wà ní ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún, èyí tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, ló ya. Kò já tán. Ó ní iṣan yẹn wà ní ìta oríkèé, ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀ dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi máa ń jinná láìsí iṣẹ́ abẹ. Ó ní kí n wọ bréèsì onírin lẹ́gbẹ̀ẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n lọ rí onífísíò, ẹni tó ń fi ìdárayá tún iṣan àti oríkèé ṣe. Mo bi í léèrè ìgbà tí mo lè sáré. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rìn ná, bàbá."

Owó bréèsì náà tó owó odindi bọ́ńdù ànkárá kan. Nígbà tí mo délé, mo wo bí wọ́n ṣe rán an, inú mi bàjẹ́. Velcro rẹ̀ ti ń hó kúrò kí n tó wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo tú u, mo fi tèmi rán an pẹ̀lú òwú jíǹsì.

24 Oṣù Kẹsàn-án

Onífísíò tí wọ́n júwe fún mi jẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin tí kì í pariwo. Ó mú tépù jáde nínú dúrọ́ọ̀, tépù oníke tí orí rẹ̀ ti gbó. Mo bẹ̀ ẹ́ kó lo tèmi. Tépù tó bá ti pẹ́ máa ń nà, bó bá sì ti nà, gbogbo ohun tó bá wọ̀n ló máa kéré ju bó ṣe rí lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbà á.

Orúnkún, láàárín gbùngbùn: òsì 14½, ọ̀tún 15¼.
Itan, íǹṣì mẹ́rin sókè egungun róbótó orí orúnkún: òsì 18, ọ̀tún 17½.
Gìgísẹ̀ sí ìdí, bí mo bá ká ẹsẹ̀ dé ibi tó lè dé: òsì 4, ọ̀tún 13.

Ìlà kejì ló yà mí lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́wàá péré, ìdajì íǹṣì ti lọ. Mo ti ń wọn itan ènìyàn fún ogún ọdún, mi ò rí i kó yára bẹ́ẹ̀ rí, àfi lára ẹni tó bá dùbúlẹ̀ àìsàn.

Onífísíò ní kí n nà ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ká táwẹ́ẹ̀lì róbótó sábẹ́ orúnkún, ó ní kí n fi ẹ̀yìn orúnkún tẹ̀ ẹ́. Ti òsì: ẹran iwájú itan dìde lẹ́ẹ̀kan, ó le bí pákó. Ti ọ̀tún: mo tẹ̀, mo tẹ̀, mo fi eyín dí, kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ẹran náà kàn gbọ̀n díẹ̀ ni. Kò dùn mí o. Kò kàn dáhùn ni. Ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì rẹ̀ ti bọ́ ló jọ: ẹsẹ̀ ń tẹ̀, kẹ̀kẹ́ ìsàlẹ̀ ń yí, abẹ́rẹ́ dúró sójú kan.

Ó ní omi tó kún inú orúnkún ló fà á. Bí oríkèé bá ti wú, àṣẹ tó ń ti ọ̀dọ̀ ọpọlọ lọ sí iṣan iwájú itan máa ń dín kù. Iṣan tí àṣẹ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ á máa gbẹ. Nítorí náà iṣẹ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe láti fún un lágbára, bí kò ṣe láti jí i.

Iṣẹ́ ilé: kí n tẹ táwẹ́ẹ̀lì, kí n ka ẹní dé márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Kí n gbé ẹsẹ̀ nínà sókè láì ká a. Kí n jókòó sílẹ̀, kí n máa wọ́ gìgísẹ̀ bọ̀ wá sí ìdí. Fún èyí, mo fi ọ̀rá tí wọ́n fi ń di aṣọ sábẹ́ gìgísẹ̀ kó lè máa yọ̀ lórí táìsì. Ẹ̀yìn tábìlì ìgé-aṣọ ni mo ti ń ṣe é. Ìyàwó pásítọ̀ kan wọlé bá mi nílẹ̀, ó rò pé abẹ́rẹ́ ló bọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bá mi wá a.

5 Oṣù Kẹwàá

Itan dáhùn! Kò le tó ti òsì, àmọ́ ó dìde. Mo pe ọmọṣẹ́ mi pé kó wá wò ó. Ó wò ó, ó ní, "Ẹ kú oríire, ọ̀gá," bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń kíni kú sí.

12 Oṣù Kẹwàá

Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo bọ́ bréèsì. Orúnkún 14½ lápá méjèèjì, wíwú ti lọ tán. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ti dé íǹṣì 5 sí ìdí. Mi ò tiro mọ́. Gbogbo ẹni tó rí mi ló ní ó ti tán.

Itan ọ̀tún: 17. Ó tún ti relẹ̀ sí i.

Mo ní ṣòkòtò kan tí mo rán fún ara mi ní Oṣù Kẹjọ, ó jókòó dáadáa nígbà náà. Mo wọ̀ ọ́ síwájú dígí lọ́jọ́ yìí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ dúró pa, ti ọ̀tún ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá.

Ọ̀sẹ̀ tó kù nínú Oṣù Kẹwàá: àwọn irinṣẹ́

Ohun tí mo ṣe fúnra mi ni mo fẹ́ sọ díẹ̀ níbí, torí ẹnikẹ́ni lè ṣe é.

Àpò ẹrù ọrùn ẹsẹ̀. Ẹyọ pure water kan jẹ́ 50cl, ìyẹn nǹkan bí ìdajì kìlò. Mo gé ẹsẹ̀ jíǹsì àtijọ́ kan, mo rán àpò mẹ́rin sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo fi velcro sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹyọ kan nínú àpò kọ̀ọ̀kan, kìlò méjì. Mo dè é mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, mo dùbúlẹ̀, mo ń gbé ẹsẹ̀ nínà sókè. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan bẹ́ lórí lééṣì oníbàárà. Iyanrìn inú ọ̀rá, tí mo so lẹ́ẹ̀mejì, ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ tètè lo iyanrìn.

Búlọ́ọ̀kù. Mo ra méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́lé lójú ọ̀nà wa, íǹṣì mẹ́fà kan, íǹṣì mẹ́sàn-án kan. Bí ẹ bá tẹ́ oníṣì mẹ́fà sílẹ̀, ẹ ti rí àtẹ̀gùn kékeré. Oníṣì mẹ́sàn-án ni àtẹ̀gùn gidi. Ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni ẹ ó fi dúró lórí rẹ̀, ẹ ó wá máa sọ ti òsì kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí gìgísẹ̀ rẹ̀ á fi kan ilẹ̀ fẹ́ẹ́, ẹ ó tún gbé e padà. Kíkàn ni o, kì í ṣe pé kẹ́ ẹ gbé ara lé e.

Dígí. Dígí ńlá tí àwọn oníbàárà fi ń wo ara wọn. Òun ló tú àṣírí. Mo wọ ṣòkòtò tí ojú áyọ́ọ̀nù rẹ̀ mú, mo dúró lórí búlọ́ọ̀kù, mo sọ̀ kalẹ̀. Ní ẹsẹ̀ òsì, ojú áyọ́ọ̀nù tọ́ láti ìbàdí dé bàtà. Ní ọ̀tún, ó wọ́ sínú níbi orúnkún, ọ̀nà kan náà tó tẹ̀ sí lọ́jọ́ gọ́tà. Mo ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Onífísíò dá mi lóhùn pé orúnkún kọ́ ló ń ṣe é. Ẹran ẹ̀gbẹ́ ìdí ni kò di itan mú. Ó fi iṣẹ́ kún iṣẹ́: kí n fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀, kí n máa gbé ẹsẹ̀ òkè sókè, ogún ìgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Iṣẹ́ tó dà bí eré ọmọdé ni. Ní ìgbà kẹẹ̀ẹ́dógún, ìdí ń ta mí bí ẹni jókòó lé iná.

9 Oṣù Kọkànlá

Ìdánwò. Onífísíò ní òun ò ka oṣù, ohun tí ẹsẹ̀ bá lè ṣe lòun ń wò. Kí n yára rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí orúnkún má wú lọ́jọ́ kejì: ó gbà. Kí n ká a tán, kí n nà án tán: ó gbà. Ogún ìsọ̀kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù láìjẹ́ kí ojú áyọ́ọ̀nù wọ́: méjìdínlógún, ó ní òun fojú fò ó. Kí n fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan fò ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá: ó gbà, àmọ́ ìró rẹ̀ nílẹ̀ wúwo ju ti òsì lọ.

Kò wọn itan lọ́jọ́ náà. Èmi náà ò rán an létí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

16 Oṣù Kọkànlá

Orí pápá koríko ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí wa. Ìṣẹ́jú kan eré, ìṣẹ́jú méjì ìrìn, ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Àpapọ̀ eré tí mo sá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́jọ, mo sì làágùn bí ẹni tó ti Ọ̀yọ́ bọ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù dúró, wọ́n ń wò mí: bàbá tó ń sáré, tó ń rìn, tó ń wo aago.

Òfin onífísíò: ìrora láti òdo sí mẹ́wàá. Bí ó bá ti kọjá mẹ́ta, kí n dúró. Bí ó bá ṣì wà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, tàbí tí orúnkún fi díẹ̀ pere wú, eré àná pọ̀jù. Kí n sá lọ́jọ́ kan, kí n sinmi lọ́jọ́ kejì. Kí n má lo oògùn ìrora kí n tó sáré, torí a kì í di ẹni tó fẹ́ pè wá lẹ́nu.

23 Oṣù Kọkànlá

Ọmọṣẹ́ mi ló wọ̀n mí. "Mẹ́tàdínlógún ààbọ̀, ọ̀gá! Ẹ ti ń sanra lẹ́sẹ̀."

Inú mi dùn títí mo fi wo ọwọ́ rẹ̀. Tépù rọ̀ débi pé ìka méjì lè wọ abẹ́ rẹ̀, ó sì ti gbé e sókè kúrò lórí àmì báírò tí mo fà. Bí wọ́n ṣe ń wọn agbádá nìyẹn. Mo gba tépù. 17⅛.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó wolẹ̀. "Ẹ ti ń ṣe wàhálà púpọ̀, sà. Mo fẹ́ kí inú yín dùn." Mi ò lè bá a wí. Ẹ̀yìn onífísíò ni èmi náà fi tépù pamọ́ sí.

Oṣù Kejìlá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ wa mọ Oṣù Kejìlá. Aṣọ Kérésìmesì, aṣọ ẹbí ìgbéyàwó mẹ́ta, ọkọ ìyàwó kan tó fẹ́ kí n tún fìlà rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kẹrin. Wákàtí mẹ́rìnlá lójúmọ́ ni mo fi jókòó ti ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ kejì oṣù náà sí ọjọ́ kẹrìnlélógún, kò sí ohun tí mo kọ sí ojú ìwé "Ọ̀gá". Aṣọ tí mò ń tò jọ ni mo gbé ka orí búlọ́ọ̀kù.

Orúnkún kò sì dùn mí rárá. Ìyẹn ló tàn mí.

26 Oṣù Kejìlá

Àwọn ẹgbẹ́ asáré mi pè mí. Ẹ̀yìn ń dùn mí nítorí ìjókòó, mo ti lo oògùn ìrora méjì láàárọ̀. A sá kìlómítà méje láì dúró, a gun òkè, a sọ̀ kalẹ̀. Ara mi yá gágá. Mo kọ sínú ìwé lọ́jọ́ náà pé: "Ó ti parí." Ó ṣì wà níbẹ̀, mi ò pa á rẹ́.

27 Oṣù Kejìlá

Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀, mo di irin mú bí ẹni tó ń bọ̀ láti orí ọ̀pẹ. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ inú ló ń dùn mọ́ o, iwájú ni, yíká egungun róbótó. Orúnkún 14⅞. Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ó lọ mú pure water wá, ó gbé e kalẹ̀, ó padà sí kíṣìnì.

30 Oṣù Kejìlá

Onífísíò tẹ ẹ̀gbẹ́ inú, ó fà á síta, ó yí i. Kò ṣí. "Ibi tó ya ti jinná, bàbá. Itan yín ni kò jinná." Ó na ọwọ́, mo gbé tépù fún un.

Òsì 18, ọ̀tún 17.

Gbogbo ohun tí mo rí he ní Oṣù Kọkànlá ti lọ. Ó wá ṣàlàyé ohun tí mi ò fẹ́ gbọ́ látìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń sáré, pàápàá bí a bá ń sọ̀ kalẹ̀ òkè, iṣan iwájú itan ni bíréèkì. Ó ń gba ìwúwo ara bó ṣe ń nà. Bí bíréèkì bá rọ, ìwúwo náà kò ní ṣàìsí. Egungun róbótó àti ibi tó ti ń yọ̀ lórí eegun itan ni yóò gbà á, ìyẹn ló sì ń dùn mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láì ṣiṣẹ́, kìlómítà méje lójijì, oògùn tó di ìrora lẹ́nu: ó ní ìyanu ni ì bá jẹ́ tí kò bá dùn mí.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo wo ìlà 12 Oṣù Kẹwàá. Tépù ti sọ ọ́ fún mi láti ìgbà náà. Bí oníbàárà bá sọ fún mi pé òun kò sanra, tépù ni mo máa ń gbà gbọ́, mi ò gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ rí. Ẹnu tèmi ni mo gbà gbọ́.

Oṣù Kìíní 2025

Kò sí eré fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Iṣẹ́ itan ní ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì, ó sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Báàgì pure water kan ní ogún ẹyọ, kìlò mẹ́wàá. Mo gbá a mọ́ra bí ọmọ, mo jókòó sórí àpótí, mo dìde, mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta. Nígbà tó rọrùn, mo fi ẹsẹ̀ kan dìde láì gbé báàgì. Nígbà tí ìyẹn náà rọrùn, mo gbé ìdajì báàgì. Ìsọ̀kalẹ̀ lórí búlọ́ọ̀kù oníṣì mẹ́sàn-án, níwájú dígí. Mo kọ ọ́ sórí ògiri ṣọ́ọ̀bù: bí wákàtí kan bá ti pé, kí n dìde kúrò nídìí ẹ̀rọ, kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà kí n padà. Ọmọṣẹ́ mi ló ń ṣọ́ aago, kò sì ṣojúsàájú mọ́.

Màmá mi wá, wọ́n bá mi pẹ̀lú báàgì omi láyà. "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣé mo sọ fún ọ tàbí mi ò sọ?" Wọn ò sọ fún mi o. Baba tó ń wọ́ eegun ni wọ́n sọ. Mo ní ẹ ṣeun, Màmá.

25 oṣù náà: ọ̀tún 17⅜. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣẹ́jú kan eré, ìṣẹ́jú méjì ìrìn, lórí pápá kan náà. Àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù kò wò mí mọ́.

Oṣù Kejì

Ohun tuntun kan ṣoṣo: gígùn ìṣísẹ̀. Onífísíò ka ìṣísẹ̀ mi, 156 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó ní kí n gbé e dé bí 166, láì fi kún iyára, kí n kàn dín gígùn ìṣísẹ̀ kù. Ẹsẹ̀ tó bá jìn síwájú jù ń fi orúnkún gba ilẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò yé mi, àfi nígbà tí mo jókòó ti ẹ̀rọ. Ìránṣọ gígùn máa ń fa aṣọ, á sì tètè já. Bí a bá yí nọ́ńbà padà sí kékeré, abẹ́rẹ́ á máa wọlé wéréwéré, ojú ìránpọ̀ á sì lágbára. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń sáré, mo ń sọ fún ara mi pé "kékeré, kékeré". Ìwúwo iwájú orúnkún dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Méjì nínú ẹgbẹ́ mi lọ sá ìdíje Èkó, kìlómítà 42. Mo bá wọn rán ṣòkòtò kúkúrú, mo ní kí wọ́n máa lọ.

22 oṣù náà: ogún ìṣẹ́jú láì dúró, ọ̀nà tó tẹ́jú. Ìrora òdo. Ọ̀tún 17⅝.

15 Oṣù Kẹta, Sátidé

Aṣọ Ìtúnu Ààwẹ̀ ti ń wọlé rẹpẹtẹ, ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọṣẹ́ mi ń gbààwẹ̀, àmọ́ bí wákàtí bá ti pé, á na ika sí ògiri láì sọ̀rọ̀, á sì dúró títí n ó fi dìde. Mi ò pa ọjọ́ iṣẹ́ itan kankan jẹ lóṣù yìí. Aṣọ kò gun orí búlọ́ọ̀kù.

Lówùúrọ̀ mo sá ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo gba ọ̀nà Mọ́kọ́lá, nígbà tí ilẹ̀ ti mọ́. Mo sá gun òkè, mo rìn nígbà tí mo ń sọ̀ kalẹ̀, torí onífísíò kò tíì fún mi láyè ìsọ̀kalẹ̀. Gọ́tà náà ṣì wà ní ṣíṣí. Wọ́n ti ki ẹ̀ka igi kan bọ̀ ọ́, ewé rẹ̀ ti gbẹ. Ìyá alákàrà dá mi mọ̀. "Ẹsẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó ń bọ̀. Mo ra àkàrà fún àwọn ará ilé.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo wọ ṣòkòtò Oṣù Kẹjọ síwájú dígí. Lójú tèmi, ó ti jókòó lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ọmọṣẹ́ mi kúnlẹ̀, ó wá àmì báírò, ó fi tépù yí itan ká, ó fà á débi tó yẹ kó fà á dé, kò fún un, kò tú u. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Mẹ́tàdínlógún àti mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọ̀gá. Kò tíì pé."